RAV4 oní-AWD ní Liverpool Road: Ṣé fọ́ọ̀wíìlì ló ń jẹ epo yín ni àbí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ?

Tí èèyàn bá fẹ́ ra jíìpù kékeré tòkunbọ̀ ní agbègbè Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi kìlọ̀ fún un pé kó sá fún èyí tó ní fọ́ọ̀wíìlì, torí pé ajẹpo ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ fún ẹni tó ń gba Liverpool Road lọ síbi iṣẹ́, ìdúró lójú kan ló ń jẹ epo jù, kì í ṣe táyà ẹ̀yìn méjì tí ẹ́ńjìnnì ń bá yí. Toyota RAV4, tó pọ̀ káàkiri Èkó, la fi lè rí i kedere.

Ìṣirò epo ti wá di dandan báyìí. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, nǹkan bíi ₦185 ni lítà epo bẹntiróò kan ní Èkó. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi di ₦488 láwọn ilé epo NNPC. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti dé ₦998, àtìgbà náà ló sì ti ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀. Nǹkan bíi lítà 60 ni táǹkì RAV4 ọdún 2013 ń gbà. Ẹni tó ń fi ₦11,100 kún un tẹ́lẹ̀ wá ń san ₦59,880, kò sì tíì pé ọdún kan àtààbọ̀ láàárín méjèèjì. Ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí fi lítà kan sí ₦900. Ẹ fi iye tí ilé epo àdúgbò yín ń tà á rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ìwé sọ

Ní Amẹ́ríkà, EPA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ló máa ń gbé iye epo tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ jáde. Fún RAV4 ọdún 2013 tó ní plọ́ọ̀gì mẹ́rin, àjọ náà ní èyí tó ń fi táyà iwájú nìkan ṣiṣẹ́ ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 24 nínú ìlú, àti 31 ní òpópónà márosẹ̀. Èyí tó ní AWD ń rin 22 nínú ìlú, 29 ní márosẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún gálọ́ọ̀nù yẹn o. Kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin tí àwọn èèyàn ń pè ní gálọ́ọ̀nù ládùúgbò, kì í sì í ṣe ti ìlú Ọba tó jẹ́ lítà 4.55. Lítà 3.79 ni gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá sọ máìlì náà di ìlọ́po 0.425, ẹ ó rí iye kìlómítà tí lítà kan máa gbé yín dé: 10.2 fún èyí tí kò ní AWD, 9.4 fún èyí tó ní in. Ọkọ̀ tó bá wá láti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù ò ní sọ̀rọ̀ máìlì rárá. Iye lítà tó ń jẹ lórí 100 kìlómítà ló máa hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ńlá ló dáa. Nínú ti Yúróòpù, nọ́ńbà kékeré ni. Àríyànjiyàn tí kò nídìí ti ṣẹlẹ̀ lórí èyí rí.

Tí ọkọ̀ méjèèjì bá wá rin 100 kìlómítà nínú ìlú, èyí tí kò ní AWD á jẹ lítà 9.8, èyí tó ní AWD á jẹ 10.7. Ìyàtọ̀ wọn ò pé lítà kan. ₦810 ni.

Ohun tó fà á tí ìyàtọ̀ náà ò fi pọ̀ ni pé RAV4 yìí kì í fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Táyà iwájú ló sábà máa ń fà á. Tí àwọn yẹn bá fẹ́ máa yọ̀, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á pín agbára fún ti ẹ̀yìn. Àmọ́ ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀ àti jíà ẹ̀yìn ń yí ní gbogbo ìgbà, wọ́n sì wúwo. Ibẹ̀ ni epo tó lé díẹ̀ yẹn ń bá lọ. Àwọn kan máa ń ní kí mẹkáníìkì tú ọ̀pá náà kúrò kí epo lè dín kù. Èrè ibẹ̀ ò lè ju ₦810 yẹn lọ lórí 100 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì lè máa jò níbi tí wọ́n ti tú u, iná ìkìlọ̀ sì lè tàn. Kò bá ọgbọ́n mu.

Plọ́ọ̀gì mẹ́fà náà ń jẹ epo, àmọ́ kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nínú RAV4 ọdún 2012 tó ní fọ́ọ̀wíìlì, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ń rin máìlì 21 nínú ìlú, oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà ń rin 19.

Ibi tí epo ń lọ gan-an

Nínú yàrá àyẹ̀wò ni EPA ti ń ṣe ìdánwò wọn. Èyí tó dúró fún ìrìn inú ìlú jẹ́ nǹkan bíi máìlì 11 láàárín ìṣẹ́jú 31, ìyẹn bíi kìlómítà 34 ní wákàtí kan. Ta ló ń rin kìlómítà 34 ní Liverpool Road lọ́jọ́ tí tírélà bá dí i pa?

Ọ̀nà yìí ló so Àpápá pọ̀ mọ́ èbúté Tin Can, níbi tí ọ̀pọ̀ RAV4 tòkunbọ̀ fúnra wọn ti ń sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. Àgbègbè yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ agbépo ti ń wá gbé epo. Àwọn tó wá gbé epo ló ń mú kí ẹlòmíì máa jó epo lásán. Lóòótọ́, ó ti sàn ju ọdún 2019 lọ, nígbà tí tírélà ń sùn sórí afárá títí tí ìjọba àpapọ̀ fi fún wọn ní wákàtí 72 láti kúrò. Àjọ NPA náà bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè tírélà tí wọ́n ń pè ní Ètò ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2021. Síbẹ̀, tírélà kan ṣoṣo tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà ti tó.

Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ọkọ̀ tó dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè jẹ ìdá mẹ́rin gálọ́ọ̀nù sí ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù ní wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tóbi tó àti bóyá AC wà ní títàn. Ìyẹn jẹ́ lítà 0.95 sí 1.9. Wákàtí kan péré tí ẹ bá fi dúró ti gba gbogbo ohun tí AWD ń gbà lórí 100 kìlómítà. Ẹni tó bá ń dúró fún wákàtí méjì lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ń jó lítà 9.5 sí 19, ₦8,550 sí ₦17,100, láì rin kìlómítà kankan.

Ìdí nìyí tí RAV4 oní-háíbírídì, tó kọ́kọ́ jáde fún ọdún 2016, fi yàtọ̀. AWD ni gbogbo èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, síbẹ̀ EPA fún un ní máìlì 34 nínú ìlú, 31 ní márosẹ̀. Ìlú gan-an ló ti ń ṣe dáadáa jù. Mọ́tò oníná ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kò sí ọ̀pá gígùn kankan lábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì máa ń kú fúnra rẹ̀ tí ọkọ̀ bá dúró. Tí AC bá ń ṣiṣẹ́ pẹ́, á tún máa tàn lóòrèkóòrè láti fún bátìrì lágbára. Bátìrì yẹn ni ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ háíbírídì fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì rí i pé eruku ò dí ojú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan máa ń ní AWD ló máa gba àwọn là nínú omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wúlò nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, àmọ́ kì í gbé ọkọ̀ ga, gíga RAV4 méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Omi tó bá wọ ẹ́ńjìnnì ọ̀kan á wọ ti èkejì.

Fún ẹni tó ti ní ọkọ̀ ná ńkọ́? Afẹ́fẹ́ táyà tó pé iye tí wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà lè dín epo kù dé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ọkọ̀ AWD, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí wọ́n má jẹ́ tuntun méjì pẹ̀lú gbígbó méjì. AC máa ń jẹ epo gan-an nínú ooru, àmọ́ ta ló máa ní kí èèyàn pa á láàárín èéfín ọkọ̀ agbépo? Pípa ẹ́ńjìnnì ló dáa jù tí ojú ọ̀nà bá dí pátápátá, torí pé títan ọkọ̀ padà ò jẹ epo tó ìdúró tó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Tí ọkọ̀ bá ń sún díẹ̀díẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n tí dẹ́rẹ́bà tírélà tó wà níwájú yín bá ti sọ̀kalẹ̀ lọ ra ẹ̀pà, ẹ pa á. Lálẹ́, ọ̀rọ̀ ààbò ló ṣáájú ọ̀rọ̀ epo.

Láti mọ iye tí ọkọ̀ tiyín ń jẹ, ẹ kún táǹkì títí tí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù fi máa dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà òǹkà ìrìn sílẹ̀. Ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún kún un nílé epo kan náà. Ẹ fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Tí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, máìlì ni òǹkà rẹ̀ ń kà, kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.6.