Àwọn Tó Sùn Síta: Láti 1969 Títí Di Òní

Ẹ̀yin ará wa ní Kùmásì, bí a bá ti ìsọ̀ tán lálẹ́, ìgbà náà ni àwọn kan ń tẹ́ páálí wọn síwájú rẹ̀. Àwọn kayayóò pọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọbìnrin láti òkè Gánà tó ń fi abọ́ irin ńlá ru ẹrù ní Kejetia. (Ẹrù náà ni Hausa ń pè ní kaya.) Àwọn kan nínú wa ń pè wọ́n ní aláìnílé. Wọ́n nílé, wọ́n ní bàbá àti ìyá.

Ojú irin dé Kùmásì ní 1903, òwò sì gbilẹ̀. Àwọn ará wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò béèrè ilé ará ìlú rẹ̀, wọn yóò tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí yóò fi lówó lọ́wọ́. Ìjọba kọ́ ló ṣètò rẹ̀.

Ní 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n bí sí Gánà gan-an kò ní ìwé. Wọ́n ta ilé àti ọjà ní ọ̀pọ̀. Ẹni tó ti ń gba àlejò sílé wá ń sùn lórí ẹrù rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Ibodè wọn wà ní títì, wọ́n sì sùn síta ní Kùtọnu. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n.

Lónìí, owó ilé ni. Òfin Gánà ti 1963 kò gbà kí onílé béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú, síbẹ̀ ti ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n ń gbà. (Àwọn onílé tó wà láàárín wa ńkọ́?) Níbo ni ẹni tó ń sùn síta yóò ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́, tí olè kò ní kó o? Owó oúnjẹ tí a fún un dára, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni yóò sùn lọ́la. Ohun tó ń mú wọn kúrò níta ni kí mẹ́rin tàbí márùn-ún dáwó gba yàrá kan, kí ẹnì kan tí onílé mọ̀ sì dúró fún wọn. Ẹni tó bá ní yàrá tó ṣófo, tó sì lè gba owó oṣù mẹ́fà péré, kó bá akọ̀wé wa sọ̀rọ̀.