Novissi

Novissi jẹ́ ètò ìrànwọ́ owó tí ìjọba orílẹ̀-èdè Tógò dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2020, ní àkókò àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, fún àwọn tí òfin kónílé-ó-gbélé dí lọ́nà iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ní èdè Ewe, ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìṣọ̀kan àti ìrànra-ẹni-lọ́wọ́. Ètò yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n àtọwọ́dá láti pinnu ẹni tí ìjọba yóò fún ní owó ìrànwọ́. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ìpele ìpele ni ó gbà dé ibẹ̀.

Ìpìlẹ̀

Oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ẹni tó ní àrùn Kòrónà ní Tógò. Nígbà tí ìjọba ti àwọn ẹnubodè, tí wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Lomé tí í ṣe olú-ìlú, àwọn tí ìyà náà kọ́kọ́ bà ni àwọn tí ń jẹ nínú òógùn ojoojúmọ́: ọlọ́kadà, alágbàṣe, oníṣẹ́-ọwọ́ àti àwọn tí ń pàtẹ lọ́jà. Ìjọba fẹ́ fún wọn lówó, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ó fi hàn ẹni tí ó tòṣì jù. Ọdún 2010 ni wọ́n ti ka iye ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kẹ́yìn, wọn kò sì ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn aláìní. Kò tún ṣeé ṣe láti rán òṣìṣẹ́ láti ojúlé dé ojúlé nígbà tí àrùn ń tàn kálẹ̀.

Ìpele kìíní: ìwé orúkọ olùdìbò

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀-ajé orí ẹ̀rọ ayélujára, tí Cina Lawson jẹ́ mínísítà rẹ̀, yíjú sí ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé náà ṣe fún ìdìbò ààrẹ ti oṣù kejì ọdún 2020 ni. Orúkọ bíi mílíọ̀nù 3.6 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ àti ibùgbé olúkúlùkù.

Ẹni tó bá fẹ́ gba owó yóò tẹ *855# lórí fóònù rẹ̀, ì báà jẹ́ fóònù kékeré tí kò lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí iṣẹ́ àti ibùgbé tí ó wà nínú ìwé bá bá ìlànà mu, owó yóò wọ àpò owó orí fóònù rẹ̀. Ní Lomé àti agbègbè rẹ̀, obìnrin ń gba 12,250 fáráǹkì CFA lóṣù, ọkùnrin sì ń gba 10,500. Ìdí tí ti obìnrin fi pọ̀ jù ni pé obìnrin ló sábà máa ń bójú tó oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé.

Ní ìpele yìí, kò tíì sí ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú ètò náà. Kọ̀ǹpútà kàn ń fi àkọsílẹ̀ wé ìlànà tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni.

Ìpele kejì: sátẹ́láìtì àti fóònù

Nígbà tí ètò náà fẹ́ dé ìgbèríko, ìwé orúkọ olùdìbò kò tó mọ́. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín tálákà àti ẹni tí ó tòṣì jù ú lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìpele tuntun pẹ̀lú GiveDirectly, àjọ aláàánú kan láti Amẹ́ríkà, àti àwọn onímọ̀ tí Joshua Blumenstock ti Yunifásítì California ní Berkeley wà lára wọn.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀rọ láti fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà díwọ̀n bí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe lówó tó. Èyí ni wọ́n fi yan 100 tí ó tòṣì jù lọ nínú àwọn ẹkùn ìṣàkóso kéékèèké 397 tí wọ́n ń pè ní kántọ́ọ̀nù.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ọ̀rọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, wọ́n ti fi fóònù fi ọ̀rọ̀ wá nǹkan bíi 10,000 ènìyàn lẹ́nu wò nípa ìgbé-ayé wọn. Wọ́n fi ìdáhùn wọn wé bí wọ́n ṣe ń lo fóònù: ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́, dátà àti owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Nínú èyí ni ẹ̀rọ ti kọ́ bí a ṣe ń fojú díwọ̀n ìnáwó ẹni tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹni tí ẹ̀rọ bá kà sí ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kò tó dọ́là 1.25 lójúmọ́ ni owó náà tọ́ sí. Obìnrin gba 8,620 fáráǹkì CFA lóṣù, ọkùnrin gba 7,450, fún oṣù márùn-ún.

Àyẹ̀wò ètò náà

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ náà gbé àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Ohun tí wọ́n wọ̀n jù ni àṣìṣe ìyọsílẹ̀, ìyẹn ni kí owó má dé ọwọ́ ẹni tí ó tọ́ sí. Bí a bá fi ọ̀nà fóònù yìí wé ọ̀nà fífi àgbègbè nìkan yan ènìyàn, àṣìṣe náà dín kù ní ìdá 4 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í wé àkọsílẹ̀ kíkún nípa gbogbo ìdílé, èyí tí Tógò kò ní, àṣìṣe rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìdá 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ náà sàn ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, àmọ́ kò tó àkọsílẹ̀ tí à bá ti ṣe ṣáájú àjàkálẹ̀ àrùn.

Àwọn tí owó kò dé ọ̀dọ̀ wọn

Ẹni tí kò ní fóònù tàbí káàdì ìdìbò kò lè forúkọ sílẹ̀. Ìwádìí ọdún 2018 sí 2019 fi hàn pé ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ní fóònù ní Tógò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù wà nínú ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí kò ní fóònù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tòṣì jù. Bákan náà, ẹni tí wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní àṣìṣe lè tọ́ka sí ohun tí wọ́n ṣì kọ. Ó ṣòro fún ẹni tí bí ó ṣe ń pe ènìyàn lórí fóònù mú kí ẹ̀rọ yọ ọ́ sílẹ̀ láti mọ ohun tí yóò tako.

Àbájáde

Ìwádìí mìíràn tí àwọn onímọ̀ kan náà gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé owó náà ran àwọn tó gbà á lọ́wọ́: oúnjẹ wọn sunwọ̀n sí i, ọkàn wọn sì balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n fi mọ èyí. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ rí ìyípadà kan náà nínú bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń lo fóònù, ẹ̀rọ kò rí i.