Ẹmu Agogo Mẹ́fà Ààbọ̀

Agogo 5:10 ìdájí. Ọyẹ́ mú ní Ẹdúnàbọ̀n. Ọkọ̀ àjàgbé kan kọjá lójú títì tó lọ sí Ìbàdàn, iná rẹ̀ gbá ara ògiri, òkùnkùn sì padà. Bàbá adẹ́mu jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n mú igbà lára ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọn ò tíì gbé e kọ́ èjìká. Wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ ọ láti orí dé ìdí. Wọ́n dúró níbi tó ti ń fẹ́lẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé e.

Agogo 5:40. Ìrì ṣì wà lójú ọ̀nà oko. Bàbá ló ṣíwájú, pẹ̀lú agbè mẹ́ta, àdá kan, àti ọ̀bẹ tó mú débi pé aṣọ ni wọ́n fi wé e. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń tẹ̀lé wọn. Ọmọ ìlú yìí ni, àmọ́ London ló ń gbé, bíà ló sì ń pọn níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nínú ìkòkò kékeré, kì í ṣe bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń pọn ọ́n. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ti fa ìlà sí i: wákàtí lápá òsì, ohun tí ẹnu bá tọ́ wò lápá ọ̀tún. Èmi ni mo wà lẹ́yìn.

Agogo 5:55. A dé ìdí ọ̀pẹ àkọ́kọ́. Lára rẹ̀, níbi tí àyà ènìyàn mọ, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà: 14. Ọ̀dà náà ti gbẹ. Bàbá fi èékánná àtàǹpàkò ha á. Kò ṣí. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ju igbà yí ọ̀pẹ náà ká.

"Igbà á rọ̀ o, Bàbá," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí.

Wọ́n ṣe àmín láì bojú wẹ̀yìn.

Agogo 6:05. Wọ́n ń gùn. Ẹ̀yìn wọn wà lára igbà, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara ọ̀pẹ. Wọ́n á fa ara mọ́ igi, wọ́n á sọ igbà sókè, wọ́n á tún fi ẹ̀yìn tì. Nígbà tí igbà bá wà lófuurufú yẹn, kò sí ohun tó di ènìyàn mú ju ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ. Ìgbà tí èèyàn fi ṣẹ́jú ni, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Nínú ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé jáde ní 1952, ìṣubú adẹ́mu láti orí ọ̀pẹ ló fa gbogbo ìrìn àjò tó wà níbẹ̀. Kò sí adẹ́mu tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ àlọ́ lásán fún.

Agogo 6:18. Bàbá ti wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Wọ́n tú aṣọ kúrò lára ọ̀bẹ. Wọ́n bẹ́ ojú ọgbẹ́ àná, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò nípọn ju èékánná lọ. Tí wọ́n bá bẹ́ ẹ nípọn jù, ìdí òdòdó ọ̀pẹ yóò tètè tán. Tí wọn ò bá bẹ́ ẹ rárá, ojú rẹ̀ á dí, omi á dáwọ́ dúró. Wọ́n sọ agbè òru kalẹ̀ pẹ̀lú okùn, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Oyin yí orí wọn ká. Wọn ò gbá a dànù.

Agogo 6:30. Ẹmu wọ inú ahá. Oyin mẹ́rin ló kú sójú rẹ̀. Bàbá fi ewé kó wọn kúrò. Ẹmu náà ti ń hó kó tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú agbè láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti òru. Mo gbé e sẹ́nu. Ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. Adùn ló dé, adùn tó kún ẹnu tí kò sì lẹ̀ mọ́ eyín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn ewé tútù, bí ẹni pé ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ ló ń mí. Ọtí wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun nìkan ló mọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà mu tirẹ̀, ó di ojú. Ó kọ ìlà kìíní. Ó kọ ọ́ gùn.

Agogo 7:15. Ọ̀pẹ kejì: 15. Ọ̀pẹ kẹta: 16. Ọ̀dà pupa kan náà. Bàbá ò ha wọn mọ́.

Agogo 8:00. Ìyàwó Bàbá wà ní ìsọ̀ wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fi aṣẹ́ sẹ́ ẹmu sínú ìkòkò tó ti ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù wá. Ìkòkò amọ̀ ń làágùn, ìyẹn sì ń mú kí ẹmu tutù. Àwọn oníbàárà ti tò: awakọ̀ kan, oníṣẹ́ bíríkì méjì, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì tó ní òun ò lè jẹ iyán ọ̀sán tí òun ò bá kọ́kọ́ bomi adùn yìí sí ọ̀fun. Wọn ò bu omi sí i. Wọn ò fi sákárín sí i. A bu kẹ́ẹ̀gì kékeré kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́wò.

Agogo 8:30. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi omi gbígbóná ṣan ìgò kékeré kan, ó sì rọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀ láti ìdí agbè 14. Ó dé e, ṣùgbọ́n kò dé e pa. Ọjọ́ kejì ló máa wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Agogo 9:00. Ẹmu kan náà, kẹ́ẹ̀gì kan náà. Ó ti funfun sí i. Ìhó rẹ̀ dìde dé ẹnu ife, ó sì ń ta ahọ́n. Adùn ti fà sẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni ìwúkàrà wà, ẹbí èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ó ń jẹ adùn, ó ń fi ọtí àti afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kíkan. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Ara ọ̀pẹ, inú afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ oyin ni wọ́n ti wá.

Agogo 10:20. Ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọ̀kan gbé téépù ìwọnlẹ̀ kọ́ ọrùn ọwọ́, èkejì di ìwé mọ́ inú ọ̀rá. Wọ́n kí wa dáadáa. Wọ́n ra ife kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní téépù mu tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìyá, ẹmu yìí dáa o. Níbo lẹ ti ń rí i?"

Ìyá tọ́ka sí ọ̀nà oko.

Ọkùnrin náà wo ibẹ̀. Ó wo ẹnìkejì rẹ̀. Ó sanwó, kò sì gba ṣéńjì. Nígbà tó na ọwọ́, mo rí ọ̀dà pupa lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Agogo 11:00. Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ dúró kí Bàbá. Bàbá fi ìjókòó lọ̀ wọ́n, ìyá náà sì jókòó. Wọn ò fi ahá lọ̀ wọ́n, nítorí olórìṣà Ọbàtálá ni ìyá náà. Nílé-Ifẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ ìtàn Ọbàtálá: ẹmu ló pa á lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ dídá ayé ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn tó ń bọ Ọbàtálá. Ìyá náà sinmi, wọ́n mu omi, wọ́n sì lọ.

Agogo 12:00 ọ̀sán. Kíkan ti dé. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba àárín. Adùn ṣì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ní láti wá a. Ọtí ti le. Èyí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin fẹ́ràn jù, mi ò sì bá wọn jiyàn, àmọ́ kì í ṣe ohun tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ mọ́.

Agogo 12:30. Ọ̀dọ́kùnrin náà mú ìgò kan jáde. Bíà tó pọn fúnra rẹ̀ ni, irú tí wọ́n ń pè ní rye IPA. Ó ti rì í sínú omi yìnyín láti àárọ̀. Ó ṣí i, ó rọra dà á sínú ife gíláàsì. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìhó rẹ̀ nípọn, ó jókòó sórí ife, kò fẹ́ lọ. Èèpo ọsàn ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn, oje igi tẹ̀lé e. Mo mu ún. Adùn ọkà wà níbẹ̀, kò pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkà ráì wọlé: ó gbẹ, ó ta díẹ̀, ó sì mú kí ọtí náà wúwo lẹ́nu. Nígbà tí mo rò pé ó ti tán ni ìkorò dé. Bí ìkorò orógbó ló rí: ó pẹ́ kó tó dé, ó sì pẹ́ kó tó lọ.

Òdòdó hops ló ń mú ìkorò yẹn wá. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn apọntí Gẹ̀ẹ́sì ń fi hops púpọ̀ sí bíà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí Íńdíà; Íńdíà yẹn ni I inú IPA. Oṣù púpọ̀ ni ọkọ̀ ń lò lójú omi, hops kì í sì í jẹ́ kí bíà tètè bàjẹ́. Wọ́n pọn ọ́n kó lè rìnrìn àjò. Ráì kì í ṣe ọkà ilẹ̀ wa. Bàbà àti àgbàdo la fi ń pọn ọtí bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì fún bíà wọlé ní 1988, bàbà àti àgbàdo yìí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sáré padà sí.

Bàbá tọ́ ọ wò. Wọ́n gbé e mì. Wọ́n dúró de ìkorò, ó dé, wọ́n mi orí.

"Ó dáa. Ìgbà wo lo pọn ọ́n?"

"Ó tó oṣù méjì, sà."

"Tó bá di ọ̀la ńkọ́?"

"Bó ṣe wà yìí náà ló máa wà, sà."

Bàbá gbé ife náà sókè sójú oòrùn, wọ́n wò ó pẹ́.

Agogo 2:00. Ẹmu inú kẹ́ẹ̀gì náà ti kan. Ìlà tí ọ̀dọ́kùnrin náà kọ kúrú.

Agogo 3:40. Ìró ẹ́ńjíìnì kan dún láti ọ̀nà oko. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní bóyá ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ni. Kò sí ẹ̀rọ ìlọgbàdo lápá ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Agogo 4:30. Ó tó àkókò láti gun ọ̀pẹ ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá tún tọ́ igbà wọn láti orí dé ìdí, wọn ò yára ju ti àárọ̀ lọ. A gbéra. Ìró náà ń le sí i bí a ṣe ń súnmọ́.

Agogo 4:50. A gbọ́ igi tó ń fọ́. Kì í fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ké díẹ̀, ó dákẹ́, ilẹ̀ wá mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bàbá dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ lé igbà tó wà léjìká wọn. Wọ́n tún ń lọ.

Agogo 5:05. Ọ̀pẹ mẹ́jọ ti wà nílẹ̀. Nọ́ńbà 8 dojú sókè, ọ̀dà rẹ̀ mọ́ kedere. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e tutù, ó ń sun omi. Agbè ẹlòmíràn fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, oyin sì bò ó. Àwọn méjì tó mu ẹmu láàárọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó ní téépù rí Bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí ewé gbígbẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. A ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ọ̀la la máa dé tiyín. Ẹ sọ agbè yín kalẹ̀ lónìí."

Ó ṣàlàyé. Ìdílé tó ni ilẹ̀ ti tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé. Iye igi ni wọ́n fi ń sanwó fún agégi, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi wà lára wọn. Bàbá ò ní ilẹ̀ náà. Bàbá tó bí wọn ti ń dá ẹmu níbẹ̀, agbè kan lọ́dọọdún ni wọ́n sì fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílẹ̀. Onílẹ̀ gba agbè ti ọdún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ fún Bàbá.

Agogo 5:30. Bàbá gun 14. Wọn ò bẹ́ ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tú agbè, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n gun 15. Wọ́n gun 16. Agégi pa ẹ́ńjíìnì rẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Agogo 7:00 alẹ́. Ìtọ́wò ìkẹyìn. Ẹmu àárọ̀ ti kan gan-an, ó ń ṣe bí ọtí kíkan, ó gbóná láyà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé ẹmu ní wákàtí yìí yóò rò pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyí. A ó máa rí ẹmu mu ní Ẹdúnàbọ̀n. Ọ̀kadà yóò máa gbé e wá nínú kẹ́ẹ̀gì láti oko tó jìnnà, yóò sì dé nígbà tí kíkan bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á bu sákárín sí i kó lè dùn. Ọmọ tí wọ́n bá bí sínú àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ yẹn yóò mu ún, yóò sì pè é ní ẹmu. Wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni a pàdánù, àwọn gan-an ni ọ̀pẹ tó wà nítòsí ń fún wa.

Ìgò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nínú báàgì ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó ní òun máa fi ìwúkàrà inú rẹ̀ pọn bíà ráì òun tó kàn. Mo gbà pé yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n oje 14 kò sí nínú rẹ̀.

Agogo 7:40. Bàbá ní ọ̀pẹ mẹ́rin ṣì kù fún àwọn lápá Ìpetumodù. Ọ̀dọ́kùnrin náà béèrè ìgbà tí ẹmu ibẹ̀ yóò máa dé ìsọ̀. Bàbá fi ìka ka ìrìn náà, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú gígùn mẹ́rin. Wọ́n ní tí ara bá le, agogo mẹ́wàá.