Ìdíwọ̀n Májèlé Inú Oúnjẹ

Ọ̀nà tí a fi ń mọ iye ohun aṣèpalára tó ń bá oúnjẹ wọ ara ẹni. Iye májèlé inú oúnjẹ ni a ń fi ṣe ìlọ́po ìwọ̀n tí ènìyàn ń jẹ, a ó sì fi ìwúwo ara rẹ̀ pín in. Nítorí náà ni ewu ṣe máa ń pọ̀ fún ọmọdé, tí ìwúwo ara rẹ̀ kéré. FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, darí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, Kamẹrúùnù, Málì àti Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti mú Èkó àti Kánò. Wọ́n kọ́kọ́ se oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò bí a ti ń sè é nílé. Ó bọ́gbọ́n mu gan-an, torí èéfín ààrò fúnra rẹ̀ lè di májèlé: ẹja yíyan wà lára ohun tó kọ wọ́n lóminú. Ó yẹ kí irú àdúgbò Jikwoyi l'Ábújá náà wọ inú ìwádìí bẹ́ẹ̀, níbi tí àwọn ará ìpínlẹ̀ púpọ̀ ń gbé.