Ìbò Kan Ṣoṣo: Ẹ̀tọ́ Ìdìbò Àwọn Obìnrin ní Wyoming

Bí a bá ń sọ ìtàn Wyoming ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1869 ni a sábà máa ń tẹnu mọ́. Ọjọ́ náà ni Gómìnà John Campbell buwọ́ lu àbádòfin tí William Bright gbé kalẹ̀, pé kí obìnrin máa dìbò bí ọkùnrin. Wyoming kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà, obìnrin sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àwọn aṣòfin kan fẹ́ fi òfin yìí fa obìnrin wá. Àwọn mìíràn gbà pé gómìnà, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, yóò kọ̀ ọ́.

Lójú tiwa, ọdún 1871 ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé aṣòfin fẹ́ wọ́gi lé òfin ọ̀hún; Campbell kò gbà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ borí rẹ̀, ìbò kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Kí ni Campbell rí dì mú? Ní 1870, Esther Morris ti ṣe adájọ́ ní South Pass City, àwọn obìnrin ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ní Laramie, wọ́n sì ti dìbò. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá.

Ẹni tí ó fúnni lẹ́tọ̀ọ́ nítorí àǹfààní ara rẹ̀ lè tún gbà á padà. Lílò tí àwọn obìnrin lo ẹ̀tọ́ náà ni ó gbè é lẹ́sẹ̀, títí Wyoming fi di ìpínlẹ̀ ní 1890, ọgbọ̀n ọdún ṣáájú òfin gbogbo Amẹ́ríkà.