Abọ́ Ìrẹsì Kan, Ẹnubodè Méjì

Ní Iléyá tó kọjá, bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́fà dá owó jọ, wọ́n ra màlúù kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí ọbẹ̀ ata ti sú gbogbo wa nílé, mo bẹ Màámi kí wọ́n jẹ́ kí n se ìrẹsì ẹlẹ́ran bí àwọn ará Japan ṣe ń sè é. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn mí lórí fóònù. Wọ́n á se ìrẹsì funfun, wọ́n á yan ègé ẹran tó nípọn lórí iná líle, wọ́n á rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n á tò ó sórí ìrẹsì nínú abọ́ tó jìn, wọ́n á sì wọ́n omi ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti fi ááyù àti ṣúgà sè lé e lórí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbé abọ́ kan fún Ìyá àgbà. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ìrẹsì àti ẹran màlúù nínú abọ́ kan, a ò sìnkú, a ò gbéyàwó. Ayé yín dára o."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Èrò mi ni pé láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni ìrẹsì àti ẹran ti jọ wà. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ṣakí níbí (ìlú wa ni mo ń wí o, kì í ṣe ṣàkì inú ẹran), kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní Japan alára.

Ní ọdún 675, ọba Japan tó ń jẹ́ Tenmu kéde pé láàárín àwọn oṣù kan nínú ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹran màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ tàbí adìẹ. Ẹ̀sìn Búdà wà nídìí òfin náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko náà ń bẹ ńbẹ̀: màlúù ló ń fa ohun èlò tí wọ́n fi ń túlẹ̀ oko ìrẹsì. Ta ni yóò pa òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ? Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìrẹsì àti ẹja ni oúnjẹ wọn. Ẹran màlúù kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1872 ni wọ́n kéde pé ọba Meiji ti jẹ ẹran màlúù, torí wọ́n fẹ́ kí ìlú wọn bá àwọn Òyìnbó dọ́gba. Ní 1899, ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Yoshinoya bẹ̀rẹ̀ ní ọjà ẹja Nihonbashi ní Tokyo. Ìrẹsì tí wọ́n bu ẹran màlúù àti àlùbọ́sà lé lórí ni wọ́n ń tà fún àwọn alárobọ̀ ọjà, tí kò ráyè jókòó jẹun pẹ́. Gyudon ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ tí mo rò pé ó jẹ́ ti ìgbà láéláé kò ju èyí lọ.

Tiwa ńkọ́? Orúkọ oúnjẹ náà ti tú àṣírí. Iyán, àmàlà, ẹ̀kọ, gbogbo wọn ló ní orúkọ Yorùbá. "Ìrẹsì" ti ẹnu Òyìnbó wá. Kì í ṣe pé aláwọ̀ dúdú kò mọ ìrẹsì o. Ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta tí àwọn èèyàn etí odò Ọya lókè lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Mali, ti ń gbin irúgbìn tiwọn. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ògùn, iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti gbágùúdá ló ń yó wa. Ìyá àgbà sọ pé nígbà èwe wọn, bí ọmọdé bá rí ìrẹsì jẹ, ọdún dé nìyẹn.

Ti màlúù yàtọ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Eṣinṣin tó ń pa màlúù nínú igbó kìjikìji kò pọ̀ níbí tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn Fúlàní fi ń da ẹran wá, tí gáà wọn fi yí wa ká, tí àwọn obìnrin wọn sì ń gbé wàrà wọ ọjà. Màlúù ń kọjá níwájú ilé wa lójoojúmọ́. Pípa rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n, torí ọrọ̀ ni.

Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, ìrẹsì òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Láti àárín àwọn ọdún 1980 títí di 1995, ìjọba fòfin de kíkó o wọlé. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ń já ìrẹsì Thailand àti India sílẹ̀ ní Cotonou, ilẹ̀ Benin kò sì jìnnà sí Ṣakí. Ìrẹsì mọ ọ̀nà.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni mo fojú ara mi rí i. Ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀. Nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Owó ìrẹsì gbéra. Nílé wa, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni a ń rí i, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á sì jókòó ṣa òkúta inú ìrẹsì ìbílẹ̀ lórí àtẹ kí Màámi tó gbé e kaná. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnubodè. Ní gbogbo ìgbà yẹn, màlúù kò yéé kọjá níwájú ilé.

Ibi tí ẹnu yà mí sí nìyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, àrùn ọpọlọ màlúù yọjú ní Amẹ́ríkà, Japan sì ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ ẹran ibẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2004, Yoshinoya kò rí ẹran lò mọ́, wọ́n dáwọ́ gyudon dúró. Àwọn èèyàn tò lọ bẹẹrẹ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn láti jẹ ẹ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n bù lé ìrẹsì títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 tí ti màlúù tún padà. Ìrẹsì wọn ń bẹ nílé, ẹran ni ẹnubodè gbà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa, ẹran ń bẹ nílé, ìrẹsì ni ẹnubodè gbà.

Kí n padà sí ìkòkò mi. Ìrẹsì mi kò lẹ̀ mọ́ra bíi tiwọn, torí wọ́n ti bọ tiwa tòun ti èèpo kí wọ́n tó pa á. Ẹni tó bá fi igi méjì jẹ ẹ́ yóò sùn lébi. Ẹran náà yi. Màlúù tó ti rìn jìnnà kì í ṣe ẹgbẹ́ màlúù tó ń jẹun lójú kan. Ohun tí mo ti rí lọ́wọ́ mọlẹ́bí wa tó ń yan sùyà ló gbà mí: ó máa ń wo ibi tí iṣan ẹran dojú kọ, á fi ọ̀bẹ dábùú u, á sì rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìyá àgbà tọ́ ọ wò, wọ́n ní omi dúdú yẹn kò dùn tó irú. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó kan ni, bí a ṣe ń jẹ́ kí irú kan. Wọ́n ní kí n lọ mú irú wá nígbà náà. Mo lọ̀ ọ́ díẹ̀, mo pò ó mọ́ omi náà. Wọ́n jẹ abọ́ náà tán, wọ́n ní kí n bu ìrẹsì sí i, kí n má fi ẹran sí i mọ́, pé ìyẹn ti tó fún ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ òkú.