Ihò Kékeré, Iṣẹ́ Ńlá

Edward Mason, oníṣẹ́-abẹ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí a gé apá kan àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sanra mọ́. Ní ọdún 1966, òun àti Chikashi Ito bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n yìí wo àwọn tó sanra dé ojú àìsàn: wọ́n sọ àpòlúkù di kékeré, wọ́n sì so ìfun mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ikùn ni wọ́n ń là gbọọrọ. Ojú abẹ a máa kẹ̀. Òmíràn a sì ya lẹ́yìn tí a ti rán an.

Ní ọdún 1994, Alan Wittgrove àti Wesley Clark ní California ròyìn ènìyàn márùn-ún tí wọ́n gba ihò kéékèèké ṣe é fún, tí kámẹ́rà ń fi inú hàn wọ́n.

Èrè wo ló wà níbẹ̀? Ìṣirò kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 fi hàn pé láàárín 30 ọjọ́, bíi 2 nínú 1,000 ló kú nínú àwọn tí a gba ihò ṣe é fún. Nínú àwọn tí a la ikùn wọn, ó tó 21. Lóòótọ́, ara àwọn tí a là kò le tó ti àwọn yòókù.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣeré. Ẹni tí a ṣe é fún yóò máa lo fítámì, yóò sì máa lọ rí dókítà títí ayé. Ihò ló kéré, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ náà kò kéré rárá.